Kí ló dé tí mo pa ohùn rẹ́ lórí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ oní-tíráàkì púpọ̀, tí káàdì ìrántí rẹ̀ ṣì kún?

Ohun tó o rò pé o ti pa rẹ́ ṣì wà níbẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí, tó ń gba ohùn kọ̀ọ̀kan sórí tíráàkì (ìlà ohùn) tirẹ̀, kì í ju ohùn àtijọ́ nù, títí kan èyí tó o ti gba òmíràn lé lórí, kí bọ́tìnì Undo lè rí nǹkan dá padà. Tó o bá gba ègbè kan nígbà mẹ́wàá, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ń gba ààyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyọ kan lò ń gbọ́.

Wá Optimize tàbí Clean Up nínú mẹ́nù. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Òun ló ń kó àwọn àjẹkù yẹn dànù. Àmọ́ o ò ní lè fi Undo dá wọn padà mọ́, nítorí náà kọ́kọ́ da orin náà kọ sórí kọ̀ǹpútà, kó o sì ṣí i níbẹ̀ gbọ́.

Ní 44.1 kHz (ẹgbẹ̀rún ìgbà mélòó tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan) àti 16-bit (bí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ṣe péye tó), tíráàkì kan ń jẹ nǹkan bíi 5 MB ní ìṣẹ́jú kan. Ní 48 kHz àti 24-bit, ó di 8.6 MB, tíráàkì mẹ́jọ fún wákàtí kan á gba bíi 4 GB. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ń jẹ ààyè o! Tíráàkì tẹ́nikẹ́ni ò lò, tó o sì tan iná ìgbohùn rẹ̀, WAV (irú fáìlì ohùn tí kì í fún nǹkan pọ̀) á kọ òfo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń kọ orin. Pa iná yẹn. 24-bit dáa, mi ò ní ní kó o fi í sílẹ̀. 96 kHz ni mi ò rí ìdí fún, ìlọ́po méjì ààyè 48 kHz ló ń gbà.