Ìdí Tí Mo Fi Yọ Black Hawk Down Kúrò Nínú Àwọn Fíìmù Ogun Tó Pegedé

Mo ka àríyànjiyàn yín lórí fíìmù ogun ìgbàlódé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí n tó dá sí i. Àwọn kan ní Saving Private Ryan ni ọba gbogbo wọn, àwọn mìíràn ní kò sí èyí tó tó Black Hawk Down, ohun tí tọ̀túntòsì sì fi ń gbèjà tiwọn ni pé ìró ìbọn inú rẹ̀ dún bí ìbọn gidi, pé ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò jọ ẹ̀jẹ̀ àfiṣeré. Mo wà lára àwọn ọmọ ogun ECOMOG, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìpẹ̀tù-sáàwọ̀ ti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó wà ní Freetown, olú-ìlú Sierra Leone, nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ ìlú náà ní ọjọ́ 6 oṣù Kínní ọdún 1999, ẹ sì jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi bò pé ìró kọ́ ni mo fi ń wọn fíìmù ogun. Owó ló ń ra ìró. Ẹni tó bá ti lówó lọ́wọ́ á ra ẹ̀tù, á yá ọkọ̀ ogun, á sì gba sójà tó ti fẹ̀yìntì kí ó wá kọ́ àwọn òṣèré bí wọ́n ṣe ń di ìbọn mú. Ohun tí owó kò lè rà ni ìgboyà láti fi àwọn ará ilé ẹni hàn níbi tí wọ́n ti ṣe ohun tí kò yẹ, àti láti rántí pé ibi tí a ti ń jà, ilé ẹlòmíràn ni.

Ẹ̀rù tí mo mọ̀ kì í ṣe ti ìgbà tí ìbọn bá ń dún, nítorí nígbà náà iṣẹ́ wà lọ́wọ́ kálukú. Ṣáájú ni ẹ̀rù máa ń wà. Ẹ ti lúgọ sẹ́yìn àpò iyanrìn, àwọn ènìyàn ń bọ̀ lójú ọ̀nà, obìnrin tó pọn ọmọ ló ṣíwájú, ẹ kò sì mọ̀ bóyá ọkùnrin tó tẹ̀ lé e ni ọkọ rẹ̀ tàbí ọlọ̀tẹ̀ tó fi í ṣe apata, torí pé báyìí gan-an ni wọ́n ṣe máa ń ti àwọn ará ìlú síwájú. Ọ̀gá wa kígbe pé kí wọ́n dúró, kí wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọwọ́ kan ni obìnrin náà gbé sókè, èkejì ló fi ń gbé ìdí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ró kí ó má baà já bọ́, nítorí pé ọ̀já rẹ̀ ti tú. A tún pariwo mọ́ ọn, kò gbé ọwọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó yìnbọn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀. Fíìmù tó bá mọ irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá kiri.

Ẹ jẹ́ kí a mú Saving Private Ryan tí Steven Spielberg gbé jáde ní ọdún 1998. Gbogbo yín ni ẹ ń sọ̀rọ̀ nípa etíkun Omaha, níbi tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ti gun òkè náà dé orí. Ọkùnrin méjì jáde tọ̀ wọ́n wá, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ ní èdè kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà náà yìnbọn pa wọ́n, wọ́n sì fi ẹ̀bẹ̀ wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Èdè Czech ni àwọn ọkùnrin méjì náà ń sọ. Ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé àwọn kì í ṣe ará Jámánì, pé àwọn kò pa ẹnì kankan. Olùdarí fíìmù náà kò kọ àlàyé kankan sí ìsàlẹ̀ àwòrán, ó kàn ń bá tirẹ̀ lọ, bí àwọn sójà náà ti ṣe. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn ló mú kí n fún fíìmù yìí ní ipò, kì í ṣe ogun orí afárá tó wà ní ìparí, èyí tó dùn ún wò lóòótọ́ ṣùgbọ́n tí kò yàtọ̀ sí ìtàn akọni tí a ti mọ̀ tipẹ́.

Black Hawk Down ńkọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ Ridley Scott inú rẹ̀ kò lábùkù, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar méjì, ti ìtò àwòrán àti ti ìró. Ìlú Mogadishu, olú-ìlú Sòmálíà, ni ogun inú rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti àwọn ajagun Sòmálíà ti ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1993, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo fíìmù náà tán, ẹ bi ara yín pé ta ni ọmọ Sòmálíà kan tí ẹ mọ orúkọ ìyá rẹ̀, tàbí ohun tí ó ń ṣe kí ìbọn tó dún. Èrò tó ń ya jáde láti inú ilé ni wọ́n, wọ́n á yọ, wọ́n á ṣubú. Nígbà tó parí, orúkọ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó kú jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ Sòmálíà tí wọ́n ní ó lé ní 1,000 kò ní ju òǹkà lásán lọ. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ń dùn mí, bóyá nítorí pé iṣẹ́ ìpẹ̀tù-sáàwọ̀ ni èmi náà lọ ṣe. Àwọn ọmọ ogun Málésíà ló wa ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ ogun tí wọ́n fi lọ yọ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà náà, ẹnì kan nínú wọn sì kú, ṣùgbọ́n fíìmù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má dárúkọ wọn. Ẹni tí ó bá ti jẹ́ àlejò lójú ogun olóhùn ńlá á mọ ohun tí mò ń sọ. (N kò tilẹ̀ fẹ́ fọwọ́ kan Tears of the Sun ti ọdún 2003, tí wọ́n ní Nàìjíríà ni ogun inú rẹ̀ ti ń jà, tó sì jẹ́ pé Hawaii ni wọ́n ti lọ wá igbó wa.)

Dunkirk tí Christopher Nolan ṣe ní ọdún 2017, lórí àwọn ọmọ ogun tí ọ̀tá há mọ́ etíkun Faransé, wà nínú tèmi, nítorí pé ó mọ ohun tí ìdúró dè jẹ́, tó sì fi àwọn Gẹ̀ẹ́sì hàn níbi tí wọ́n ti ń dá àwọn ará Faransé padà lẹ́nu ọkọ̀ ojú omi. Fíìmù tí wọ́n ń pè ní 1917 kò sí níbẹ̀. Mo yin ẹni tó di kámẹ́rà mú, ìyẹn náà ló sì parí sí. The Hurt Locker, tó dá lé sójà Amẹ́ríkà kan tó ń yọ bọ́ǹbù ní Iraq, gba Oscar mẹ́fà, àwọn tó mọ iṣẹ́ yíyọ bọ́ǹbù sì bínú sí i pé kò sí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n lè jàre. Síbẹ̀, ibi tí sójà náà ti padà sílé, tí ìyàwó rẹ̀ ní kí ó lọ mú oúnjẹ àárọ̀ wá nínú ilé ìtajà, tí ó sì dúró níwájú páálí oúnjẹ tí wọ́n tò bí ògiri, tí kò lè yan ọ̀kan nínú wọn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Wọ́n rán èmi náà ní ọṣẹ rí lọ́jà lẹ́yìn tí mo dé, mo sì padà wálé lọ́wọ́ òfo.

Beasts of No Nation, tí Cary Fukunaga ṣe ní Gánà ní ọdún 2015, súnmọ́ ohun tí mo rí ju gbogbo àwọn wọ̀nyí lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ogun tó kó ọmọ tí wọ́n ń pè ní Agu, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé àpótí tẹlifíṣọ̀n tí kò ní nǹkan kan nínú kiri, wọ́n ń ṣeré lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì tà á fún sójà Nàìjíríà kan, ó fún wọn ní oúnjẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí, nítorí pé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní gbogbo ibi tí a pàgọ́ sí. Ọmọ tó pa ọ́ lẹ́rìn-ín yìí kan náà ni fíìmù náà fi àdá lé lọ́wọ́, kò sì jẹ́ kí o rí ibi tí o ti lè kórìíra rẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Come and See ti Elem Klimov, ní ọdún 1985, ni mo fi ṣe olórí. Ọmọdékùnrin kan wú ìbọn jáde nínú iyanrìn ní ilẹ̀ Bẹ̀lárúùsì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kí ó lè bá àwọn ajàjàgbara lọ. Nígbà tí ó bá fi máa rí baba àgbà abúlé rẹ̀ tí iná ti jó tán, tó ń rán an létí pé òun ti kìlọ̀ fún un kí ó má wa ilẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé fíìmù náà kò ní dá ẹnikẹ́ni sí, àní ẹni tirẹ̀ pàápàá.

Èyí tó kẹ́yìn nínú tèmi kì í ṣe eré rárá. Sorious Samura, ọmọ Sierra Leone, ló gbé kámẹ́rà kiri Freetown ní oṣù Kínní yẹn, ó sì ṣe Cry Freetown tó jáde ní ọdún 2000. Àwọn kan nínú wa tí a jọ ṣiṣẹ́ kórìíra rẹ̀ títí di òní, wọ́n ní ó tàbùkù wa lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn wa ti kú sórí ilẹ̀ náà. Òótọ́ ni pé wọ́n kú, mo mọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n aṣọ tó wà lọ́rùn àwọn tó ń na ènìyàn, tí wọ́n sì ń pa ẹni tí wọ́n fura sí láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ nínú fíìmù náà, aṣọ tí èmi náà wọ̀ ni.

Bí ẹ bá ní ọdún 1985 ti pẹ́ jù láti jẹ́ ìgbàlódé, ẹ yọ Come and See, kí Beasts of No Nation gba ipò rẹ̀. N kò ní bá yín jà. Ti Black Hawk Down nìkan ni ẹ kò ní rí mi bá yín fọwọ́ sí.