Omi Aró Tí Álọ́ọ̀mù Kò Mú Tòrò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Aláró ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn aládùúgbò ń fi wá sùn pé omi aró tí a ń dà nù ti ń wọ odò kékeré ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní kí a da álọ́ọ̀mù sí i, bí a ti ń ṣe sí omi odò, ṣùgbọ́n kò tòrò. Kí ni kí a ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Álọ́ọ̀mù yín lè má bàjẹ́ rárá. Kọ́sítíìkì sódà ni mo fura sí. Omi odò kì í sábà jìnnà sí 7 lórí òṣùwọ̀n pH (òṣùwọ̀n tó ń relẹ̀ bí omi bá kan, tó sì ń ga bí kọ́sítíìkì bá wà nínú rẹ̀), ṣùgbọ́n omi aró tí a fi kọ́sítíìkì pò lè ju 11 lọ. Láàárín nǹkan bíi 6 sí 8 ni álọ́ọ̀mù ti máa ń dì, tí yóò kó ìdọ̀tí mọ́ra, tí yóò sì rì. Bí pH bá ga jù, ńṣe ni yóò yọ́ sínú omi, tí owó yín yóò sì bá a lọ.

Síbẹ̀, ẹ má tíì sáré lọ ra ásíìdì tí yóò fa pH wálẹ̀. Hydrosulphite tí ẹ fi ń tú aró búlúù ṣì lè wà nínú omi yẹn, bí ásíìdì bá sì kàn án, ó lè tú èéfín sulphur dioxide tó ń ba èémí jẹ́ jáde. Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ da omi náà sínú dúrọ́ọ̀mù tí kò ní ìdérí, ní gbangba, kí ẹ máa rò ó, kí ẹ sì máa dà á láti garawa kan sí òmíràn, títí àwọ̀ ewé inú rẹ̀ yóò fi di búlúù, gẹ́gẹ́ bí aṣọ yín ti ń ṣe nígbà tí ó bá jáde nínú ìkòkò. Aró tó ti bá afẹ́fẹ́ pàdé báyìí kì í yọ́ nínú omi mọ́, nítorí náà púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò rì fúnra rẹ̀ láìsí álọ́ọ̀mù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ rọra gbọ́n omi òkè, kí ẹ máa fi ásíìdì tí a ti fi omi là sí i díẹ̀díẹ̀, títí bébà tí a fi ń wọn pH yóò fi sún mọ́ 7. Àwọn kan a máa fi omi gbágùúdá kíkan dípò ásíìdì. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé sáyánáídì wà nínú rẹ̀. Ẹ wá dán álọ́ọ̀mù wò nínú abọ́ mélòó kan, kí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ síra. Ẹ rò ó kíákíá fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Abọ́ tí álọ́ọ̀mù rẹ̀ kéré jù lọ tí omi rẹ̀ sì tòrò ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ tún pH wò, nítorí álọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ máa ń fà á wálẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ àwọn aró òde òní tó ń yọ́ pátápátá nínú omi ni ẹ ń lò, álọ́ọ̀mù kò ní lè ṣe púpọ̀; èédú àkànṣe tí a fi ń sẹ́ omi ló lè gbà wọ́n. Iyọ̀ tó wà nínú omi náà kì í sì í bá èyíkéyìí nínú ọ̀nà wọ̀nyí lọ, nítorí náà ẹ má fi omi náà bu ẹ̀fọ́ rin. Ẹrẹ̀ búlúù tó kù nísàlẹ̀ ni kí ẹ sá lórí kọnkéré lábẹ́ òrùlé, kí òjò má baà gbá a padà sínú odò, kí ẹ sì bi àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba ìbílẹ̀ yín léèrè ibi tí a ń kó o sí.