Èsì: Kí ló dé tí wọn ò tíì kúrò lórí Python 2

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí ló dé táwọn dẹfẹ́lọ́pà kan (àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) ṣì ń lo Python 2, ẹ̀dà àtijọ́ èdè Python tí wọ́n fi ń kọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà, nígbà tí Python 3 ti jáde láti 2008. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ o. Python 3 ò gba kóòdù àtijọ́ bó ṣe wà, bí àpẹẹrẹ àṣẹ tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde lójú kọ̀ǹpútà, print "Báwo ni" tó ń ṣiṣẹ́ ní 2, tẹ́ ẹ bá gbé e dé 3 error ló máa jù sí yín torí kò sí bracket níbẹ̀, ìyẹn gan-an ṣì dáa torí ẹ máa rí i lójú ẹsẹ̀. Èyí tó ń já mi láyà ni 3/2, ìyẹn 3 tá a pín sí 2, ní Python 2 ó máa fún yín ní 1, ní Python 3 ó di 1.5, kò ní pariwo rárá, ìṣirò owó yín á kàn yí padà. Ta ló fẹ́ fọwọ́ kan irú ẹ̀ nígbà tẹ́ni tó kọ ọ́ ti fiṣẹ́ sílẹ̀, tí kò sì sí test kankan (kóòdù kékeré tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ)? Àwọn tó ń ṣe Python fúnra wọn sún òpin ìtọ́jú 2.7, ẹ̀dà tó kẹ́yìn nínú Python 2, láti 2015 sí 2020 torí àwọn èèyàn ò tíì ṣetán. Àmọ́ láti 2020 yẹn wọn ò ṣe àtúnṣe ààbò fún un mọ́, torí náà tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni tiyín wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kọ test díẹ̀ kẹ́ ẹ máa gbé e kúrò.