Ibi tí à ń kọ píìnì sí nínú Zephyr: ohun tí PA13 fojú mi rí

Àbúrò, o ní ṣé inú main.c, fáìlì kóòdù tìrẹ, ni kí o kọ píìnì (ẹsẹ̀ chip tí à ń so wáyà mọ́) sí ni, àbí inú fáìlì bọ́ọ̀dù tó bá Zephyr (ètò tó ń darí àwọn chip kékeré) wá. Kì í ṣe ìkankan níbẹ̀. Dá fáìlì overlay (èyí tó ń ṣàtúnṣe fáìlì bọ́ọ̀dù láì fọwọ́ kàn án) sílẹ̀ nínú fódà boards tó wà nínú iṣẹ́ tìrẹ, kó jẹ́ orúkọ bọ́ọ̀dù rẹ. Tèmi ni blackpill_f411ce.overlay. Tí o bá fẹ́ gbé USART1 (ọ̀nà tí chip ń gbà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́) kúrò lórí píìnì PA9 àti PA10 lọ sí PB6 àti PB7, kọ pinctrl-0 = <&usart1_tx_pb6 &usart1_rx_pb7>; sábẹ́ &usart1. Ìyókù yé ọ.

Main.c lèmi kọ tèmi sí. Mò ń ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa sọ bí omi ṣe kù nínú táǹkì ilé wa ní Kubwa. PC13 ni iná kékeré orí bọ́ọ̀dù náà wà, èmi kọ PA13. Lẹ́tà kan péré o! PA13 yìí gan-an ni ST-Link (ẹ̀rọ kékeré tí à fi ń gbé kóòdù láti kọ̀ǹpútà sínú bọ́ọ̀dù) ń gbà bá chip sọ̀rọ̀. Bí kóòdù mi ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, ó gba píìnì mọ́ ọn lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà ní òun ò rí bọ́ọ̀dù mọ́. Mo yọ wáyà, mo tún un so, mo ra wáyà USB tuntun, pàbó. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá kan tó ń kọ́ni ní Wuse. Kò wo kóòdù mi rárá. Ó yí bọ́ọ̀dù sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Ó ti jóná, lọ ra òmíràn." Ó sì gba owó àyẹ̀wò! Mo ra òmíràn, mo gbé kóòdù kan náà sí i, ọpẹ́ ò tíì kúrò lẹ́nu mi tí òun náà fi "jóná".

Kò sí èyí tó jóná. Di bọ́tìnì BOOT0 orí bọ́ọ̀dù mú, tẹ NRST (bọ́tìnì àtúnbẹ̀rẹ̀) kí o fi í sílẹ̀, kí o wá fi BOOT0 sílẹ̀. Kóòdù rẹ ò ní ráyè bẹ̀rẹ̀, ST-Link á sì rí chip. Òru Sátidé kan ni mo tó mọ̀ ọ́n, ariwo mi jí ará ilé.

Fún iná, má kọ nọ́ńbà píìnì rárá. led0 ti wà nínú fáìlì bọ́ọ̀dù, pè é lórúkọ. Ti UART (bíi USART1 òkè yẹn), Zephyr ti to píìnì rẹ̀ kí main tó bẹ̀rẹ̀. Tí o bá tún fọwọ́ kàn án nínú main, console (ibi tí o ti ń ka ọ̀rọ̀ tí bọ́ọ̀dù ń sọ) á kàn dákẹ́ lójijì ni. Wo build/zephyr/zephyr.dts, ibẹ̀ ni wàá ti rí píìnì tí Zephyr gbà ní tòótọ́. Tí o bá kọ overlay tuntun, fi west build -p always kọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tí ọyẹ́ bá dé sí Àbújá yìí, tí súwẹ́tà ń ta pàtì-pàtì lára, fọwọ́ kan irin ojú fèrèsé kí o tó mú bọ́ọ̀dù, kí iná ara rẹ lè kọ́kọ́ lọ sínú irin.

Bọ́ọ̀dù wo lo tiẹ̀ ń lò? O ò sọ.