Ṣé ìsó màlúù ló ń mú ayé gbóná lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹran ni mò ń tà ní Bódìjà, ṣàkì ló pọ̀ jù lórí àtẹ mi. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì wálé ní Sátidé, ó ní ìsó màlúù ló ń mú ayé gbóná. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Ṣé òótọ́ ni àbí ó kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? – Ìyá Ẹlẹ́ran, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ọjà o. Ọmọ yín ò parọ́, ibi tó ń gbà jáde ló ṣì mú. Kì í ṣe ìdí, ẹnu ni. Ẹ wo ṣàkì orí àtẹ yín yẹn, tó nírun bíi táwẹ̀lì, inú ẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é. Tí màlúù bá gbé koríko mì, ibẹ̀ ló ń kó sí, àwọn kòkòrò tíntìntín tójú ò lè rí á wá máa bá a fà á, á máa kan bí ògì tí wọ́n rẹ sómi, gáàsì á máa hó níbẹ̀, màlúù á dùbúlẹ̀ á máa jẹ àpọ̀jẹ, á sì máa gùnfẹ̀ ṣáá. Mẹ́téènì lorúkọ gáàsì ọ̀hún. Nínú 100 tí ikùn ẹ̀ bá ṣe, bíi 95 ló ń tẹnu jáde.

Kì í pẹ́ lókè bíi kábọ́ọ̀nù tí mọ́tò ń tú síta, bí ọdún 12 ni. Àmọ́ tá a bá fi 20 ọdún wò ó, agbára ẹ̀ láti mú ooru há ju ti kábọ́ọ̀nù lọ ní ìgbà 80. Ìyẹn ni Denmark ṣe fẹnu kò ní 2024 pé láti 2030 àwọn àgbẹ̀ wọn á máa san owó orí lé e. New Zealand náà dábàá irú ẹ̀ ní 2022, làwọn àgbẹ̀ bá gbé katakata jáde sí títì, nígbà tó di 2024 ìjọba tuntun pa á tì. Mi ò bá wọn wí o, owó orí gùnfẹ̀ kẹ̀!

Tiwa ló wá yàtọ̀. Màlúù tiwa ń fẹsẹ̀ rìn kiri, koríko gbígbẹ ló ń rí jẹ, ó ń pẹ́ kó tó tóbi, wàrà ẹ̀ ò sì tó nǹkan, gbogbo àsìkò yẹn ló fi ń gùnfẹ̀. Èyí tó bá rí oúnjẹ gidi jẹ á tètè sanra, gáàsì tó máa bọ́ sórí kílò ẹran kan á sì kéré. Tó bá jẹ́ èmi ni, oúnjẹ ẹran ni màá kọ́kọ́ wá owó sí.

Ìgbẹ́ tí wọ́n ń kó jọ lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran náà ń tú mẹ́téènì síta, bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá dé e mọ́ inú táǹkì, gáàsì ìdáná ni. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó lè kan táǹkì ọ̀hún.