Fìlà lẹ pààrọ̀, orí kò pààrọ̀: ìbéèrè yín lórí àwọn tó ń ka stats wa nínú géèmù

Ẹ ń lẹ́ o. Lọ́jọ́sí mo bèèrè níbí pé ta ni wọ́n ti fi stats ẹ̀ bú rí nínú géèmù, háà, inbox wa kún fọ́fọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, stats ni iye ìgbà téèyàn wín, iye ìgbà tó kú, iye ẹni tó pa, gbogbo ẹ̀ pátá. Mo mú mẹ́rin tí mo lè dáhùn dáadáa, ẹ má bínú sí mi tí tiyín ò bá sí níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Dota 2 lèmi àti àbúrò mi máa ń ṣe, àkáǹtì kan náà la jọ ń lò torí láptọ́ọ̀pù kan ló wà nílé. Lálẹ́ Sátidé mo fẹ́ mú Pudge, ọ̀kan lára àwọn hero tí wọ́n fi ń ṣeré náà, bí mo ṣe ní kí n tẹ̀ ẹ́ báyìí ni ẹnì kan tí mi ò rí rí láyé mi kọ ọ́ sínú chat pé tó o bá mú Pudge, o kì í wín ju 41% lọ, má mú un, wàá ba eré jẹ́. Mi ò bá a ṣeré rí o! Báwo ló ṣe mọ̀? Ṣé wọ́n ti hack mi ni? – Ọmọ Bódìjà, Ìbàdàn

Àbúrò mi, kò sẹ́ni tó hack ẹ. Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn, bóyá o ò kàn rántí ọjọ́ tó o ṣí i ni. Valve tó ni Dota 2 ní ojúlé kan tí àwọn wẹ́bsáìtì máa ń gbà wọlé lọ kó èsì eré, API ni wọ́n ń pè é, Dotabuff ń gba ibẹ̀, OpenDota náà ń gba ibẹ̀, eré tó bá ti parí wọ́n á kó o lọ, hero tó o mú, ẹni tó o pa, ìgbà tó o kú, góòlù tó o rí ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá tò ó síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Àmọ́ kí wọ́n tó lè so ó mọ́ orúkọ ẹ, ohun kan gbọ́dọ̀ wà ní títàn nínú settings ẹ, wá ibi tí wọ́n kọ Expose Public Match Data sí. Pa á. Eré yẹn ò ní kúrò níbẹ̀ o, àwọn tó kù nínú ẹ̀ tí wọ́n ṣí tiwọn sílẹ̀ á ṣì máa hàn, àmọ́ ní ààyè tìẹ, Anonymous ni wọ́n máa rí. Má sì lọ pààrọ̀ orúkọ kó o rò pé o ti bọ́, torí nọ́ńbà kan wà lẹ́yìn orúkọ yẹn tí Steam, ibi tí Valve ti ń ta géèmù, fún ẹ lọ́jọ́ tó o ṣí àkáǹtì, ìyẹn kì í yí padà. Fìlà lo pààrọ̀ yẹn, orí kò pààrọ̀.

Ibi tó tiẹ̀ dùn mí jù nínú lẹ́tà ẹ ni àkáǹtì kan tí ẹ̀yin méjì jọ ń lò. 41% yẹn, ti ta ni? Nọ́ńbà ò mọ̀ pé àbúrò ẹ ló ń fi Pudge kọ́ṣẹ́ lọ́sàn-án tí ìwọ wà níbi iṣẹ́. Kò sì mọ̀ pé NEPA mú iná. Tí iná bá lọ, tó o wá ń fa okùn jẹnẹrétọ̀, tí kò jẹ́, tó o tún fà á, tí ìṣẹ́jú márùn-ún fi kọjá kó o tó padà wọlé, Dota á kọ abandon sí ẹ lọ́rùn, wọn ò ní kọ ọ́ síbẹ̀ pé pọ́ọ̀gì ló dọ̀tí. Ẹni tó wà ní Jámánì tó ń ka profáìlì ẹ, ohun tó máa sọ ni pé eléyìí máa ń sá fi tíìmù sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi irọ́ tó jẹ́ òótọ́ báni lórúkọ jẹ́ nìyẹn.

Kì í kúkú ṣe Dota nìkan. Nínú League of Legends tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn máa ń kó orúkọ àwọn tí wọ́n jọ wà ní tíìmù lọ sórí wẹ́bsáìtì stats tó ń jẹ́ OP.GG kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá rí ẹnì kan tó ti lúùsù lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra wọ́n á sá, gbogbo yín á tún padà lọ to ìlà. Ní November 2022 ni Riot Games tó ni League bo orúkọ mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń mú hero nínú ranked, ìyẹn eré tí wọ́n fi ń du ipò, kò sì pẹ́ táwọn kan fi ṣe áàpù tó ń ká aṣọ yẹn kúrò, Riot tún ní láti lọ dí ihò yẹn. Blizzard tó ni géèmù Overwatch ti gbọ́n ṣáájú wọn. June 2018 ni Overwatch sọ profáìlì gbogbo èèyàn di private, ẹni tó bá fẹ́ kí ayé rí tiẹ̀ ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ ṣí i. Ti Blizzard yẹn lèmi fara mọ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó gbé kọ́kọ́rọ́ fún onílé, kì í ṣe kẹ́ ẹ ṣí i sílẹ̀ gbayawu kẹ́ ẹ wá ní kó wá bí wọ́n ṣe ń tì í.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dárúkọ mi. Ọkùnrin kan ń yọ mí lẹ́nu nínú géèmù kan tí mò ń ṣe, mi ò ní sọ èwo. Mo block ẹ̀. Mo ṣe character tuntun, orúkọ tuntun, ìrísí tuntun, mo tún kó lọ sí sáfà míì. Ọjọ́ kẹta, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní "o rò pé mi ò ní mọ̀ ẹ́?" Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè ṣí géèmù yẹn mọ́. – Àǹtí kan, Houston

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́, ara mi bù máṣọ nígbà tí mo ka tiyín. Mi ò mọ géèmù tẹ́ ẹ ń sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú Final Fantasy XIV, torí gbangba ló ti ṣẹlẹ̀, ó sì máa jẹ́ kẹ́ ẹ rí ọ̀nà tó ṣeé ṣe kó gbà.

Ní 2024, nígbà tí Dawntrail, àfikún tuntun sí géèmù yẹn, jáde, Square Enix tó ni ín tún block ṣe. Tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá block character kan, ẹni yẹn á kàn gbé character ẹ̀ míì wọ̀, á tún padà wá bá yín. Wọ́n wá ní ó tó, tẹ́ ẹ bá ti block ọ̀kan, gbogbo character tó wà lórí àkáǹtì ẹni yẹn ló máa lọ. Èrò dáadáa ni. Àmọ́ kí kọ̀ǹpútà yín tó lè mọ̀ pé Lágbájá àti Tàmẹ̀dò ẹnì kan náà ni, sáfà gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà àkáǹtì wọn ránṣẹ́ sí i, nọ́ńbà yẹn sì wá ń wọnú kọ̀ǹpútà gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí, kò hàn lójú kọ̀ǹpútà, àmọ́ ó wà nínú ẹ̀. Làwọn kan bá ṣe plugin, ìyẹn áàpù kékeré tí wọ́n ń so mọ́ géèmù, tí wọ́n pè ní PlayerScope, ó ń ṣa nọ́ńbà yẹn jọ láti ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó ń lò ó, ó sì ń to character gbogbo èèyàn pọ̀ mọ́ra wọn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà: block tí wọ́n ṣe fún ẹni tí wọ́n ń dọdẹ ló wá di àtùpà lọ́wọ́ ọdẹ.

Ní January 2025, Naoki Yoshida tó jẹ́ olórí géèmù yẹn kọ ọ́ sóde pé àwọn mọ̀ nípa ẹ̀, pé àwọn máa ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì ń wo ọ̀rọ̀ òfin. Ó tún fi ọkàn àwọn èèyàn balẹ̀ pé àdírẹ́sì ilé àti ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n fi ń sanwó ò sí lára ohun tí tool yẹn lè rí. Àwọn tó ń ṣeré bínú gan-an, mo sì rò pé wọ́n jàre, torí kì í ṣe ẹni tó ṣe plugin nìkan ló jẹ̀bi, ẹni tó gbé nọ́ńbà yẹn síta náà lẹ́bi tiẹ̀.

Tiyín wá ńkọ́? Tó bá jẹ́ character tuntun lórí àkáǹtì àtijọ́ lẹ ṣe, ó lè jẹ́ irú ọ̀nà yìí ló gbà. Àkáǹtì tuntun pátápátá ló yàtọ̀, ó dùn mí pé owó ni, ẹ ò sì jẹ̀bi kankan tẹ́ ẹ fi máa sanwó ẹ̀ẹ̀mejì. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ wo ìdí nǹkan míì: ṣé ẹ tún padà sínú ẹgbẹ́ yín àtijọ́? Ṣé ẹnì kan ò máa sọ fún un nínú Discord? Ṣé orúkọ yín lórí géèmù kọ́ lẹ tún fi sórí Instagram? Lọ́pọ̀ ìgbà ẹnu ọ̀rẹ́ ló ń tú àṣírí, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun tó bá kọ, kí déètì àti àkókò hàn níbẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni géèmù. Tó bá ti dárúkọ àdúgbò yín tàbí ibi iṣẹ́ yín lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní géèmù, ọlọ́pàá lẹ ó gbé e lọ bá.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ọmọ ọdún 13 ní kí n jẹ́ kóun gba áàpù kan sórí kọ̀ǹpútà tó máa ń sọ fún un bó ṣe ń ṣe sí nínú géèmù. Mo ní rárá, ó ń bínú, kò jẹun alẹ́. Ṣé mo ṣe àṣejù ni? – Ìyá Ìbejì, Peckham, London

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ebi á mú un jẹun. Ẹ ò ṣe àṣejù, àmọ́ rárá nìkan ò tó, ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ jọ wò ó. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé níbo ni áàpù yẹn ti ń rí ohun tó ń sọ. Àwọn kan ń ka fáìlì tí géèmù fúnra ẹ̀ ń kọ sílẹ̀ tàbí API tí onígéèmù ṣí sílẹ̀ fún wọn, kò burú. Àwọn míì ń yọjú wọnú ibi tí géèmù ń ṣiṣẹ́ sí nínú kọ̀ǹpútà, irú ìyẹn ni wọ́n fi máa ń ban àkáǹtì ọmọlọ́mọ. Èyí tó bá sì ní kó tẹ páswọ́ọ̀dù Steam tàbí ti Riot sínú àpótí tiẹ̀, olè ni, ẹ lé e jáde. Ti Valorant, géèmù Riot míì, dára lójú mi: ẹni tí kò bá fọwọ́ ara ẹ̀ wọlé látojú ìwé Riot kó sì gbà á láyè, àwọn wẹ́bsáìtì stats ò ní fi tiẹ̀ han ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Britain tún ní agbára tẹ́ ẹ ò lò. ICO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ dátà níbẹ̀ ní ìlànà kan fún ohun táwọn ọmọdé ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti 2 September 2021 ló ti di dandan pé kí settings ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ti wà ní private láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi tí wọ́n bá ní ìdí gidi. Ẹ sì lè kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ kankan pé kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ nípa ọmọ yín wá, oṣù kan ni wọ́n ní láti fi dáhùn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé náà, òfin dátà tí wọ́n buwọ́ lù ní Nàìjíríà ní June 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ àtibèèrè.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ká mi lára ju stats lọ, màmá, voice chat, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń fi ohùn bára wọn sọ̀rọ̀ nínú géèmù. Ní December 2022 Epic Games tó ni Fortnite gbà láti san 520 mílíọ̀nù dọ́là fún FTC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, 275 mílíọ̀nù nínú ẹ̀ jẹ́ torí dátà àwọn ọmọdé, ọ̀kan lára ohun tí FTC sì kà sí wọn lẹ́sẹ̀ ni pé chat wà ní títàn láti ilẹ̀, tó ń so ọmọdé pọ̀ mọ́ àjèjì. Ẹ wo ibẹ̀ lálẹ́ òní.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká kúkú jáwọ́ nínú stats ni? – Oníbọn, Àkúrẹ́

Rárá o! Èmi gan-an ń lò ó, àmọ́ ọwọ́ ta ni àṣẹ ẹ̀ wà ló ṣe pàtàkì. Ẹ wo World of Tanks, mod kan wà, ìyẹn ohun tí àwọn òṣèré fúnra wọn ṣe so mọ́ géèmù, tí wọ́n ń pè ní XVM, ó ń kun orúkọ àwọn èèyàn láwọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, pupa fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, pọ́pù fún ọ̀gá. Ẹ ò lè rò ó, àwọn ọ̀gá ló kọ́kọ́ jìyà ẹ̀, torí tí wọ́n bá ti rí pọ́pù báyìí, gbogbo ìbọn á kọjú sí i. Wargaming tó ni géèmù náà wá fi ohun kan síbẹ̀ tó ń bo orúkọ yín, tó ń fún yín ní orúkọ ẹlẹ́yà nínú eré. Nínú World of Warcraft ńkọ́, eré Mythic, èyí tó le jù tó jẹ́ èèyàn 20, ẹnì kan péré tó bá gbé fáìlì eré yẹn sórí wẹ́bsáìtì Warcraft Logs ti gbé gbogbo ẹ̀yin 20 síbẹ̀. Ẹ ò gbé nǹkan kan, wọ́n gbé yín.

Tèmi jẹ́ Counter-Strike 2. Mo gba code kan lọ́dọ̀ Steam, mo fún wẹ́bsáìtì kan tó ń jẹ́ Leetify, ó ń bá mi ka eré mi, lọ́jọ́ tó bá wù mí mo lè padà sọ́dọ̀ Steam lọ fagi lé code yẹn. Ó sọ fún mi pé mo máa ń kú tèmi ti bọ́ǹbù tí mi ò jù lọ́wọ́. Mo wò ó, òótọ́ ni, gbogbo ìgbà ni mò ń tọ́jú ẹ̀ dìgbà míì, bí ọmọ tó fi ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wá gbé e jẹ. Ìyàwó mi ní òun ti mọ̀ tipẹ́.