Èsì: Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn bi Ọlọ́run pé "kí ló dé"?

Ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ ní ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí ẹ ṣe ń bi Ọlọ́run ìdí tí àbúrò yín fi kú ní kékeré. Rárá o. Màtá sọ fún Jésù pé ká ní ó wà níbẹ̀ ni, Lásárù arákùnrin òun kì bá tí kú. Jésù ò bá a wí. Òun náà sunkún. Inú òkùnkùn ni Orin Dáfídì 88 parí sí, síbẹ̀ Ọlọ́run náà lẹni tó kọ ọ́ ń ké pè.

Nígbà tí mo pàdánù ọmọ mi ní Mọ́lété, n'Ìbàdàn níbí, àwọn kan ní Ọlọ́run ló fẹ́ràn rẹ̀ jù (díẹ̀ ló kù kí n lé wọn jáde). Ìyá àgbà ilé kejì ò wí nǹkan kan. Ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ ló ń gbé wá láràárọ̀. Mi ò tíì rí èsì "kí ló dé" tèmi gbà. Mo ṣì ń gbàdúrà, lọ́jọ́ mìíràn tìbínú-tìbínú.